Páànù ń dán, oró fara sin: Ayé ń wá ohun mìíràn dípò kúrómétì

Ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ ní ìgbèríko wa lọ́dọọdún nìyí. Bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ń kọ́lé díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí owó díẹ̀ bọ́ sí i lọ́wọ́ nínú ẹ̀ẹ̀rùn, ó ra ìdì páànù mẹ́wàá sílẹ̀ kí owó rẹ̀ tó tún gbówó lórí. Ó tò wọ́n jọ lórí ara wọn sí ẹ̀yìnkùlé, ó fi tapólì bò wọ́n pinpin, ó sì gbàgbé wọn síbẹ̀. Òjò rọ̀, òjò dá. Nígbà tí káfíńtà dé nínú oṣù kẹsàn-án, tí wọ́n tú ìdì àkọ́kọ́, ojú bàbá ṣú. Páànù tó ń dán bíi dígí lọ́jọ́ tó rà á ti funfun bí ẹni da ẹfun sí i lára.

Ọ̀dọ̀ ẹni tó tà á fún un ni bàbá kọ́kọ́ gbà lọ. Ó ní ayédèrú ni wọ́n tà fún òun. Oníṣòwò náà búra pé ojúlówó ni, ó ní ẹni tó rà á ni kò mọ̀ ọ́n tọ́jú. Wọ́n fa ọ̀rọ̀ náà títí, kò sí ẹni tó jàre, kò sì sí ẹni tó jẹ̀bi tán.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ìyẹ̀fun funfun yẹn kì í ṣe ohun kékeré. Nítorí rẹ̀ ni àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe páànù káàkiri àgbáyé ṣe fi oògùn kan pa á lára fún ohun tó lé ní àádọ́ta ọdún. Oògùn náà ṣiṣẹ́ dáadáa. Ṣùgbọ́n oró wà nínú rẹ̀, àwọn tó ń lò ó níbi iṣẹ́ ló sì kọ́kọ́ jẹ nínú oró náà. Kúrómétì ni orúkọ rẹ̀. Láti nǹkan bí ogún ọdún ó lé díẹ̀ sẹ́yìn ni àwọn orílẹ̀-èdè tó ti gòkè àgbà ti ń lé e jáde kúrò lára irin, tí wọ́n sì ń fi ohun mìíràn rọ́pò rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà kan ẹni tó ń kọ́lé lónìí, ó sì kan ẹni tó ń gbé igbá sí ọ̀ṣọ̀rọ̀ gbọn omi mu.

SÍǸKÌ LÓ Ń KÚ NÍTORÍ IRIN

Bí a bá fi ojú lásán wo páànù, a ó rò pé irin kan ṣoṣo ni. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Irin pẹlẹbẹ ni inú rẹ̀, síǹkì ni wọ́n sì fi wọ̀ ọ́ láṣọ ní ojú méjèèjì. Ní ilé-iṣẹ́, wọ́n á yọ́ síǹkì nínú ìkòkò ńlá títí yóò fi gbóná tó nǹkan bí ìwọ̀n 450 lórí Sẹ́síọ́ọ̀sì, wọ́n á wá ri irin pẹlẹbẹ náà bọ inú rẹ̀. Bó bá ti jáde, síǹkì ti lẹ̀ mọ́ ọn lára.

Iṣẹ́ náà ti pẹ́. Ọmọ ilẹ̀ Faransé kan tó ń jẹ́ Stanislas Sorel ló gba ìwé àṣẹ fún un lọ́dún 1837. Ṣáájú ìgbà náà, ní 1829, Henry Robinson Palmer ní ìlú London ti gba ìwé àṣẹ fún irin pẹlẹbẹ tí wọ́n tẹ̀ kó rí bí ìgbì omi. Ìgbà tí iṣẹ́ méjèèjì pàdé ni páànù òrùlé tí a mọ̀ lónìí jáde. Kò pẹ́ tó fi wọ ọkọ̀ ojú omi dé ọ̀dọ̀ wa. Nínú ìwé tí Richard Burton, òyìnbó arìnrìn-àjò, gbé jáde lọ́dún 1863, ó fi ilé onípáànù tí aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ń gbé ní ìlú Èkó ṣe yẹ̀yẹ́, ó fi í wé pósí. Ṣùgbọ́n yẹ̀yẹ́ Burton kò dá àwọn èèyàn wa dúró. Díẹ̀díẹ̀ ni páànù gba ipò koríko bẹẹrẹ àti ewé gbodogi lórí ilé, nítorí pé kì í tètè gbiná, kì í sì í béèrè pé kí a máa pààrọ̀ rẹ̀ ní ọdún mélòó kan síra.

Kí ni síǹkì ń ṣe lára irin? Síǹkì yára bá omi àti atẹ́gùn jà ju irin lọ. Bí ìṣó bá ha páànù lára tí irin inú rẹ̀ hàn síta, síǹkì tó yí ojú ibẹ̀ ká ni yóò máa jẹ tán díẹ̀díẹ̀, irin kò ní tíì dípẹtà. Ẹ̀ṣọ́ tó ń kú kí ọ̀gá rẹ̀ má bàa kú ni síǹkì jẹ́. Ọjọ́ tí ẹ̀ṣọ́ bá tán ni ìpẹtà pupa yóò tó rí ààyè wọlé. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí ẹni tó bá gun orí Òkè Màpó wo àwọn òrùlé àtijọ́ Ìbàdàn fi ń rí i tí gbogbo rẹ̀ pọ́n bí ilẹ̀: síǹkì wọn ló ti tán lára wọn.

Síǹkì fúnra rẹ̀ kì í dán títí láé. Lórí òrùlé, òjò á pa á, oòrùn á gbẹ ẹ́, afẹ́fẹ́ á fẹ́ sí i. Gáàsì kan tó wà nínú afẹ́fẹ́, irú èyí tí àwa náà ń mí síta, yóò bá a pò, awọ fẹ́lẹ́ kan tó le, tó ní àwọ̀ eérú, yóò sì bo ojú rẹ̀. Awọ yìí ló ń dáàbò bo síǹkì fúnra rẹ̀. Nítorí náà, bí páànù yín bá ṣíwọ́ dídán lẹ́yìn ọdún kan tàbí méjì tó sì di aláwọ̀ eérú, ẹ má bẹ̀rù. Àìsàn kọ́ nìyẹn. Ó ti gbó lára ni.

ÌPẸTÀ FUNFUN

Ìṣòro bàbá tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan wà ní ibòmíràn. Páànù tí wọ́n tò lé ara wọn, tí omi wá há sí àárín wọn, kò rí afẹ́fẹ́ tó pọ̀ tó. Awọ líle tí a wí yẹn kò lè hù lára rẹ̀. Dípò rẹ̀, omi yóò máa jẹ síǹkì, yóò sì máa sọ ọ́ di ìyẹ̀fun funfun tó rọ̀, tí kò lè dáàbò bo ohunkóhun. Ìpẹtà funfun ni àwọn oníṣẹ́ irin ń pè é. Kò nílò ọdún kan kó tó bẹ̀rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ péré tó.

Kò sì di dandan kí òjò rọ̀ sí i. Nínú ọkọ̀ ojú omi tó gbé e wá, ooru ọ̀sán àti òtútù òru máa ń jẹ́ kí páànù làágùn, bí ike omi tútù ṣe máa ń làágùn lórí tábìlì. Omi òógùn yẹn náà ni yóò há sí àárín. Tapólì tí bàbá fi bo páànù rẹ̀ pinpin ṣe irú iṣẹ́ kan náà: ó dènà òjò lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó sé omi òógùn mọ́ inú, ó sì sé afẹ́fẹ́ mọ́ ìta.

Ìdí nìyí tí àwọn ilé-iṣẹ́ fi wá oògùn. Lọ́dún 1936, ilé-iṣẹ́ New Jersey Zinc ní Amẹ́ríkà gba ìwé àṣẹ fún ọ̀nà kan. Wọ́n á ri ohun tí wọ́n fi síǹkì bò bọ inú omi tí wọ́n po kúrómétì àti ásíìdì mọ́, fún ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀ péré, wọ́n á yọ ọ́, wọ́n á sì gbẹ ẹ́. Awọ kan tí ojú kò fẹ́rẹ̀ẹ́ lè rí yóò bo síǹkì náà. Kò wọ́n, kò gba àkókò, ó sì ní ẹ̀bùn kan tí kò wọ́pọ̀: bí nǹkan bá ha á lára, kúrómétì tó ṣẹ́ kù nínú awọ náà yóò bá omi rìn lọ síbi tó ha náà, yóò sì tún un dì. Oògùn tó ń wo ara rẹ̀ sàn ni.

Àwọn mẹkáníìkì wa àtijọ́ mọ̀ ọ́n láìmọ orúkọ rẹ̀. Bóòtù àti nọ́ọ̀tì tó máa ń wá lára ọkọ̀ òyìnbó láyé àtijọ́, èyí tó pọ́n rẹ́súrẹ́sú bí oyin, tí òṣùmàrè tún ń kọ mànà lára rẹ̀ nínú oòrùn, kúrómétì ló fún un ní àwọ̀ yẹn. Ti ara páànù fẹ́lẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí náà ojú kì í sábà rí i.

ORÓ TÓ WÀ NÍNÚ OÒGÙN NÁÀ

Inú kúrómíọ̀mù ni kúrómétì ti wá. Oríṣi méjì ló ṣe pàtàkì fún wa, àwọn onímọ̀ sì fi nọ́ńbà pè wọ́n: onímẹ́ta àti onímẹ́fà. Onímẹ́ta wà nínú ilẹ̀ àti nínú àwọn oúnjẹ kan, kò ní irú oró tí onímẹ́fà ní. Onímẹ́fà ni kúrómétì. Ó ń jẹ ẹran ara, ó sì lè wọ inú àwọn ohun kéékèèké tó para pọ̀ di ara èèyàn kó bà á jẹ́ níbẹ̀.

Kì í ṣe òní ni wọ́n ti mọ̀. Lọ́dún 1890, dókítà kan ní Glasgow, ilẹ̀ Scotland, kọ ìròyìn nípa òṣìṣẹ́ kan tó ń ṣiṣẹ́ kúrómétì tí àrùn jẹjẹrẹ mú ní imú. Ní 1899, Keir Hardie, olóṣèlú tó ń jà fún ẹ̀tọ́ àwọn òṣìṣẹ́, tú àṣírí ilé-iṣẹ́ kúrómétì kan ní Rutherglen, lẹ́bàá Glasgow. Ó sọ nípa àwọn òṣìṣẹ́ tí egbò jẹ lára, tí ògiri tó pín ihò imú wọn sí méjì sì ti jẹ dànù. Nígbà tó di ọdún 1936, ìjọba Jámánì gbà pé jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró àwọn òṣìṣẹ́ kúrómétì jẹ́ àrùn tó ti ibi iṣẹ́ wá. Ẹ ṣàkíyèsí ọdún náà. Ọdún yẹn gan-an ni wọ́n fún oògùn síǹkì ní ìwé àṣẹ ní Amẹ́ríkà.

Lọ́dún 1990, àjọ tó ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ lábẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé fi kúrómíọ̀mù onímẹ́fà sí ìpele kìíní, ìyẹn àwọn ohun tó dájú pé wọ́n ń fa jẹjẹrẹ lára èèyàn. Ẹni tó ń fa kùrukùru tàbí eruku rẹ̀ símú lójoojúmọ́ níbi iṣẹ́ ni ewu náà pọ̀ jù fún. Ó tún máa ń ba awọ ara jà. Àwọn bíríkìlà tí ọwọ́ wọn ń yún, tó ń sán, tó sì ń bó nítorí sìmẹ́ǹtì, kúrómíọ̀mù onímẹ́fà díẹ̀ tó wà nínú sìmẹ́ǹtì wà lára ohun tó ń fà á. Láti ọdún 2005 ni wọ́n ti pàṣẹ ní Yúróòpù pé kí ó má ṣe ju ìdá méjì nínú mílíọ̀nù kan lọ nínú sìmẹ́ǹtì.

Ìtàn tí ọ̀pọ̀ èèyàn gbọ́ jù ni ti abúlé Hinkley ní ìpínlẹ̀ California. Ilé-iṣẹ́ Pacific Gas and Electric fi kúrómétì sínú omi tí wọ́n fi ń tu ẹ̀rọ lára láti 1952 títí di 1966, kí irin ẹ̀rọ wọn má bàa dípẹtà. Wọ́n da omi tí wọ́n ti lò sínú kòtò tí wọn kò tẹ́ ohunkóhun sí nísàlẹ̀. Omi náà rin ilẹ̀ lọ dé ibi tí kànga àwọn ará abúlé ti ń mu omi. Àwọn ará abúlé pẹjọ́, Erin Brockovich tó jẹ́ òṣìṣẹ́ ní ọ́fíìsì agbẹjọ́rò wọn ló ṣe aápọn ìwádìí rẹ̀, nígbà tó sì di 1996, ilé-iṣẹ́ náà gbà láti san 333 mílíọ̀nù dọ́là. Wọ́n fi ìtàn náà ṣe fíìmù lọ́dún 2000. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ páànù ni ti Hinkley. Ṣùgbọ́n ohun kan náà ni wọ́n lò, ìdí kan náà ni wọ́n sì fi lò ó: wọn kò fẹ́ kí irin dípẹtà.

ÒFIN DÉ

Àwọn ará Yúróòpù ló kọ́kọ́ fi òfin gbé e. Láti ọjọ́ kìíní oṣù keje ọdún 2006 ni wọn kò ti gbà á láyè mọ́ lára ẹ̀rọ iná mànàmáná bíi fíríìjì àti tẹlifísàn, àyàfi ìwọ̀nba tí kò tó nǹkan. Ní ọjọ́ kìíní oṣù keje 2007, ó kan ọkọ̀: wọn kò gbọ́dọ̀ fi kúrómétì pa bóòtù, nọ́ọ̀tì àti irin ara ọkọ̀ tuntun mọ́ kó má bàa dípẹtà. Ìdí nìyẹn tí bóòtù aláwọ̀ oyin fi ṣọ̀wọ́n lára tokunbọ tí wọ́n ṣe lẹ́yìn ìgbà náà, tó sì jẹ́ pé funfun tàbí dúdú ni ọ̀pọ̀ wọn. Nígbà tó di ọjọ́ kọkànlélógún oṣù kẹsàn-án ọdún 2017, àwọn ilé-iṣẹ́ Yúróòpù kò lè lo púpọ̀ nínú àwọn èròjà kúrómíọ̀mù onímẹ́fà mọ́ àfi bí wọ́n bá gba ìyọ̀ǹda pàtàkì.

Amẹ́ríkà gba ọ̀nà tirẹ̀. Ní oṣù kejì ọdún 2006, ìjọba wọn dín iye tí òṣìṣẹ́ lè mí símú kù láti máíkírógíráàmù 52 sí 5 péré nínú afẹ́fẹ́ tó kún àpótí oní-mítà kan lóròó, lóòbú àti ní gíga.

KÍ NI WỌ́N FI RỌ́PÒ RẸ̀?

Ẹni tó bá gba ọ̀pá lọ́wọ́ arúgbó gbọ́dọ̀ fi ohun mìíràn tì í lẹ́yìn. Bí wọ́n bá kàn yọ kúrómétì kúrò láìfi nǹkan dípò, ìpẹtà funfun yóò pa owó lára oníṣòwò àti ẹni tó ń kọ́lé. Nítorí náà, oríṣi ọ̀nà mẹ́rin ni àwọn onímọ̀ ti ń tọ̀.

Èkíní ni kí wọ́n lo kúrómíọ̀mù onímẹ́ta dípò onímẹ́fà. Bóòtù àti nọ́ọ̀tì ọkọ̀ ló pọ̀ jù tó ń gba ọ̀nà yìí. Kúrómíọ̀mù ṣì ni, ṣùgbọ́n èyí tí oró rẹ̀ kéré gan-an.

Èkejì kò ní kúrómíọ̀mù nínú rárá. Èròjà irin méjì tó ń jẹ́ tàìténíọ̀mù àti sàkóníọ̀mù ni wọ́n ń pò mọ́ omi ásíìdì tí kò le. Bó bá kan síǹkì, ó máa fi awọ fẹ́lẹ́ kan sílẹ̀ lára rẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni síléènì, èròjà kan tí wọ́n ń rí láti ara ohun tó wà nínú yanrìn. Ọwọ́ méjì ni síléènì ní: ó ń fi ọ̀kan di síǹkì mú, ó sì ń fi èkejì di ọ̀dà tí wọ́n bá kùn lé e.

Ẹ̀kẹrin ni awọ tó jọ fáníìṣì, tí wọ́n fi èròjà bíi ti ọ̀dà ṣe. Wọ́n á tẹ́ ẹ sórí síǹkì, wọ́n á sì fi ooru gbẹ ẹ́. Àwọn ilé-iṣẹ́ irin ńláńlá ní Japan wà lára àwọn tó tètè mú irú èyí wọ ọjà, nítorí pé àwọn tó ń ṣe tẹlifísàn àti ẹ̀rọ ọ́fíìsì ń béèrè fún un. Fún irin tí wọ́n mọ̀ pé wọn yóò kùn lọ́dà lẹ́yìn náà, wọ́n tún ń lo fọ́sífétì, tó ń jẹ́ kí ọ̀dà rí nǹkan dì mú.

Ǹjẹ́ wọ́n dára tó ti àtijọ́? Ká sọ òótọ́, kò sí èyí tó rọrùn tó kúrómétì nínú wọn. Púpọ̀ nínú wọn kò lè wo ojú egbò ara wọn sàn bíi tirẹ̀. Wọ́n ń fẹ́ kí síǹkì mọ́ tónítóní kí wọ́n tó lẹ̀ mọ́ ọn, bí omi oògùn bá sì fi díẹ̀ kan jù tàbí mú díẹ̀ jù, iṣẹ́ ti bàjẹ́. Ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ tó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ ń ṣe èyí tó dúró ṣinṣin, kò sì sí òṣìṣẹ́ tó ń fi imú san owó rẹ̀.

Ohun kan wà tó yẹ kí gbogbo ẹni tó ń ra páànù fi sọ́kàn. Oògùn yìí, ìbáà jẹ́ kúrómétì, ìbáà jẹ́ ti òde òní, kì í ṣe òun ló ń mú kí òrùlé pẹ́. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti dáàbò bo páànù láti ilé-iṣẹ́ títí dé orí ilé. Bó bá ti dé orí ilé, òjò àti oòrùn á fọ̀ ọ́ lọ díẹ̀díẹ̀, awọ eérú á sì gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Síǹkì tó wà lábẹ́ ló ń gbé ilé ró. Ẹni tó bá ń fi dídán ra páànù, ohun tí kò ní bá a dé ọdún tó ń bọ̀ ló ń sanwó fún.

OMI ÒJÒ ŃKỌ́?

Ìbéèrè yìí ṣe pàtàkì fún àwọn ará ìgbèríko tí kò ní omi ẹ̀rọ, tó jẹ́ pé inú dúrọ́ọ̀mù àti táǹkì ni omi òjò ti ń wá láti orí páànù.

Ẹ jẹ́ kí ọkàn yín balẹ̀ lórí ohun kan. Ẹni tó ń sùn lábẹ́ òrùlé páànù kò mí kúrómétì símú. Ó ti lẹ̀ mọ́ ara páànù, kì í fò. Páànù tó sì ti pẹ́ lórí ilé, òjò ti fọ púpọ̀ nínú rẹ̀ lọ.

Páànù tuntun ni kí á ṣọ́ra fún. Páànù tí wọ́n fi kúrómétì pa lè gbé nǹkan bíi mílígíráàmù 10 sí 30 kúrómíọ̀mù lórí mítà kan níbùú lóròó. Iye yìí kéré. Ṣùgbọ́n ìwọ̀n tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi lélẹ̀ fún omi mímu kò ju ìdá 50 nínú ẹgbẹ̀rún kan mílígíráàmù nínú lítà omi kan. Òjò àkọ́kọ́ lórí òrùlé tuntun ló ń fọ èyí tó pọ̀ jù wálẹ̀, lẹ́yìn náà ni iye rẹ̀ ń dínkù. Nítorí náà, ọgbọ́n ni kí á má ṣe gbọn omi òrùlé tuntun fún mímu tàbí oúnjẹ sísè ní oṣù àkọ́kọ́ tí òjò ń rọ̀ dáadáa sí i. Ẹ jẹ́ kó ṣàn lọ, tàbí kí ẹ fi po búlọ́ọ̀kù.

Èyí kò ṣàjèjì sí àwọn àgbà wa. Wọn kì í gbé igbá sí ọ̀ṣọ̀rọ̀ òjò àkọ́rọ̀. Wọ́n mọ̀ pé eruku ọyẹ́, ìgbẹ́ ẹyẹ àti ti alángbá ló ń fọ̀ wálẹ̀ nínú òjò yẹn. Òfin kan náà ni kí á fi mú òrùlé tuntun, kí á sì fi ọjọ́ kún un.

OHUN TÍ ẸNI TÓ Ń KỌ́LÉ LÈ ṢE

Lákọ̀ọ́kọ́, ẹ béèrè iye síǹkì tó wà lára páànù. Ọ̀pọ̀ nínú wa géèjì nìkan là ń béèrè. Géèjì ń sọ bí páànù ṣe nípọn tó, kò sọ bí síǹkì ṣe pọ̀ tó lára rẹ̀. Lára àmì tí àwọn ilé-iṣẹ́ máa ń tẹ̀ sára ìdì, Z275 túmọ̀ sí gíráàmù síǹkì 275 lórí mítà kan níbùú lóròó, ní ojú méjèèjì pọ̀. Ìyẹn jẹ́ nǹkan bíi máíkírọ́ọ̀nù 20 ní ojú kan. Ẹgbẹ̀rún máíkírọ́ọ̀nù ló wà nínú mílímítà kan ṣoṣo. Z100 kò ju nǹkan bí 7 lọ ní ojú kan.

Ẹ wá ṣe ìṣirò rẹ̀. Ní ìgbèríko tó jìnnà sí òkun, síǹkì lè jẹ tó máíkírọ́ọ̀nù kan sí méjì lọ́dún. Létí òkun, níbi tí atẹ́gùn oníyọ̀ ti ń fẹ́, ó lè tó mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Síǹkì Z275 lè tó ọdún mẹ́wàá sí ogún ní ìlú òkè. Ti Z100 lè má pé ọdún mẹ́rin kí ìpẹtà pupa tó yọjú, bó bá sì jẹ́ etíkun, ó lè má tó ọdún méjì. Ọjọ́ tí wọ́n tà wọ́n, dídán kan náà ni àwọn méjèèjì ń dán.

Èkejì, ẹ béèrè oògùn tí wọ́n fi pa á. Bí wọ́n bá ní kò ní kúrómétì, ẹ bi wọ́n bóyá kò ní kúrómíọ̀mù rárá ni, tàbí onímẹ́ta ni wọ́n lò. Méjèèjì sàn ju ti àtijọ́ lọ, ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni wọ́n.

Ẹ̀kẹta, ẹ má ra páànù sílẹ̀ jìnnà sí ọjọ́ tí ẹ ó lò ó. Bó bá di dandan, ẹ gbé e sí abẹ́ òrùlé, lórí igi, kó má fara kan ilẹ̀. Ẹ gbé orí kan ga ju èkejì lọ kí omi lè ṣàn kúrò. Ẹ fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ sí àárín ìdì kan sí èkejì kí afẹ́fẹ́ lè gbà á kọjá. Ẹ má fi tapólì dì í pinpin. Ẹ má sì gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ajílẹ̀, iyọ̀ tàbí sìmẹ́ǹtì. Bí òjò bá ti pa á lójú ọ̀nà, ẹ tú u lọ́jọ́ náà gan-an, kí ẹ dá a dúró lọ́kọ̀ọ̀kan kó gbẹ.

Ẹ̀kẹrin, bí ìpẹtà funfun bá ti wà lára rẹ̀, ẹ wò ó dáadáa kí ẹ tó bínú. Bó bá jẹ́ fẹ́lẹ́, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì oníke àti omi fọ̀ ọ́, kí ẹ sì kàn án mọ́ òrùlé. Afẹ́fẹ́ á parí ìyókù. Ẹ má ṣe lo búrọ́ọ̀ṣì onírin, nítorí síǹkì náà ni yóò ha kúrò. Ṣùgbọ́n bí ibẹ̀ bá ti dúdú tàbí tí ìpẹtà pupa ti ń yọ lábẹ́ ìyẹ̀fun náà, síǹkì ti tán níbẹ̀. Ẹ má gbà á.

Ẹ̀karùn-ún, ẹ má ṣe yára kun páànù tuntun lọ́dà. Ọ̀dà olóròóró tí wọ́n kùn ún ní tààràtà sábà máa ń bó, nítorí síǹkì ń bá a jà lábẹ́. Ẹ lo ọ̀dà ìpìlẹ̀ tó wà fún irin onísíǹkì, tàbí kí ẹ jẹ́ kí páànù náà gbó lórí ilé fún oṣù mẹ́fà sí ọdún kan.

Ìkẹyìn ni fún àwọn ọmọ wa tó ń ṣe iṣẹ́ panẹ́ẹ̀lì àti àwọn tó ń tún irin àtijọ́ ṣe. Ọ̀dà ìpìlẹ̀ aláwọ̀ ìyeyè tó máa ń wà lára irin àtijọ́ lè jẹ́ kúrómétì. Kí wọ́n má ṣe fi sáńpépà ha á ní gbígbẹ kí wọ́n sì máa mí eruku rẹ̀ símú. Kí wọ́n fi omi rin ín, kí wọ́n bo imú, kí wọ́n sì fọwọ́ kí wọ́n tó jẹun.

Bàbá tí a fi bẹ̀rẹ̀ kò pàdánù gbogbo páànù rẹ̀. Ìdì tó wà lókè àti èyí tó wà nísàlẹ̀ pátápátá ló bàjẹ́ jù, nítorí pé ọ̀dọ̀ wọn ni omi pọ̀ sí. Èyí tó kù, wọ́n fọ̀ ọ́, wọ́n sì kàn án. Kò dán mọ́, inú bàbá kò sì dùn sí i lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n kò ní pé ọdún méjì tí òrùlé rẹ̀ àti ti aládùúgbò rẹ̀ tó ra èyí tó ń dán yóò fi ní àwọ̀ eérú kan náà. Láti ìgbà náà lọ, síǹkì ni yóò sọ èyí tí yóò pẹ́ nínú àwọn méjèèjì.